Ọṣẹ Kan Náà, Ẹjọ́ Ẹ̀ẹ̀mejì

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan la sun ìwé ìdájọ́ mi. Kò ṣèèṣì bọ́ sínú iná o, ọmọ kọ́ ló sì fi ṣeré. Àwa fúnra wa la sun ún, pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́, lórí ilẹ̀ àánú, ibi tá a ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége. Èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi fà á lé Ìyá Àdúrà lọ́wọ́.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá bọ́ nínú wàhálà, tó bá wá dúpẹ́, á mú ìwé wàhálà náà dání: káàdì ọsibítù, ìwé tí lándíláàdì fi ní kó kó jáde, lẹ́tà tí wọ́n fi lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ìyá Àdúrà, tó jẹ́ àgbà obìnrin tó ń darí àdúrà wa, á gbàdúrà sí i, á jù ú sínú ìkòkò tùràrí, gbogbo wa á sì máa wo èéfín rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ohun tó bá ti jóná níbẹ̀, a gbà pé kò lè jí dìde mọ́. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìwé tó ń jóná bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan padà wá a.

Ojú ewé mẹ́fà ni tèmi, òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé májísíréètì ti gbọ́ ẹjọ́ mi tán, kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ mi, ó dá mi sílẹ̀, ó sì dá mi láre. Bí ọdún kan ni mo fi jẹ́ ẹjọ́ yẹn. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, ọmọbìnrin mi ti ń jókòó fúnra rẹ̀.

Ẹjọ́ kí ni? Ẹjọ́ ọṣẹ.

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ. Ọṣẹ á máa bọ̀ gbọọrọ, ẹ̀rọ á máa gé e, àwa obìnrin mẹ́jọ á máa ṣa àwọn tó fọ́ tàbí tó wọ́ kúrò. Wọ́n máa ń da àwọn àfọ́kù yìí padà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè tún un yọ́. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ọ̀gá wa obìnrin tó ń bójú tó ìdí ẹ̀rọ náà á bu díẹ̀ fún wa nínú ọ̀rá, á ní, "Ẹ fi fọṣọ ọmọ." A kì í kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í buwọ́ lu nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí n tó débẹ̀. Tá a bá dé ẹnu géètì, ọ̀gá wa á kàn mi orí sí àwọn sikiọ́ríìtì, wọ́n á jẹ́ ká kọjá.

Ní Jímọ̀ tí tèmi ṣẹlẹ̀, oyún ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú, mo wá ń rọra bọ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù. Ọ̀gá wa ti lọ. Sikiọ́ríìtì tuntun ló wà ní géètì. Ó tú báàgì mi, ó rí ọ̀rá ọṣẹ, ó ní, "Ìwé ẹ̀ dà?" Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ẹ̀rín yẹn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọlọ́pàá, pé mo tún fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Mi ò ní máa ro gbogbo ẹjọ́ àkọ́kọ́ fún yín. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọ̀gá wa wá sí kọ́ọ̀tù. Ó dúró níwájú àwọn tó ń sanwó oṣù rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fún un. Èmi ni mo máa ń fún gbogbo wọn." Ó mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni májísíréètì gbé ìdájọ́ lé. Èmi náà ò padà síbi iṣẹ́ yẹn mọ́. Mo mú ìwé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sun ún, a jẹ ìrẹsì, mo lọ sílé mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń wẹ ọmọ ní ẹ̀yìnkùlé ilé tá à ń gbé ní Dọ̀pẹ̀mú, ni ọlọ́pàá méjì bá wọlé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Tésàn mìíràn ni wọ́n ti wá, wọn kì í ṣe àwọn ti àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ti gba ọ̀gá sikiọ́ríìtì tuntun, ẹni yìí sì ti lérí pé gbogbo ẹjọ́ tó bọ́ mọ́ àwọn tó ṣáájú òun lọ́wọ́, òun á tún un gbé dìde. Ó wá gbé tèmi lọ síbòmíràn, wọ́n sì fún un lórúkọ mìíràn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní mo jí ọṣẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní wọ́n ká ọṣẹ tí wọ́n fura pé ó jẹ́ ohun olè mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ọṣẹ wo?" ni mo bi wọ́n. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi méjèèjì.

Ọlọ́pàá obìnrin náà wo báàfù ọmọ, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá bébì, ìwọ ṣáà múra. Nu ọmọ yẹn lára kí òtútù má mú un. Gbé e dání, mi ò ní kó o fi í sílẹ̀."

Nígbà tá a dé tésàn, ó ka ẹ̀sùn náà fún mi. Ọjọ́ kan náà ni, géètì kan náà, ọ̀rá ọṣẹ kan náà. Mo ní, "Mà, mo ti jẹ́jọ́ yìí tán. Wọ́n ti dá mi láre."

"Ta ló dá ẹ láre?"

"Kọ́ọ̀tù ni, mà."

"Ìwé ẹ̀ dà?"

Mo tún ọmọ gbé lọ́wọ́.

"Ṣé ó wà nílé?"

"Rárá, mà."

"Ó wà lọ́wọ́ lọ́yà ẹ?"

Lọ́yà tó bá mi ṣe ti àkọ́kọ́ ti gba òkè òkun lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ò sì lọ mọ́. Mo ní, "A ti sun ún, mà."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ti kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Ọlọ́pàá ọkùnrin tó wà nídìí kàńtà rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣí fìlà lórí. Ó ní, "Ìwé kọ́ọ̀tù! Ẹ̀yin alásùtánà yìí, lọ́jọ́ kan ẹ máa sun sátífíkéètì ìbí yín, ẹ ó wá máa bi wá pé ta ló bí yín."

Ọlọ́pàá obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Ọmọ ń bẹ lọ́rùn ẹ. Ẹ̀sùn yìí ò tó nǹkan. Tá a bá dé kọ́ọ̀tù, sọ pé o jẹ̀bi. Wọ́n á wo ọmọ, wọ́n á kìlọ̀ fún ẹ, wàá lọ sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó o bá ní o ò jẹ̀bi, ọdún kan mìíràn nìyẹn o."

Mi ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọdún kan ní kọ́ọ̀tù. Mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Mo ti dúró níbẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bímọ, tí wàrà ń jò gba inú búláùsì mi, tí wọ́n sì ní ká lọ ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àánú ló ń ṣe obìnrin yẹn, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ tó sùn sí mi láyà, mo ní lọ́kàn mi pé tí mo bá fi ẹnu ara mi gbà pé mo jẹ̀bi, ọmọ olè ọṣẹ ni yóò máa jẹ́. Kò sì sí géètì ilé-iṣẹ́ kankan ní Ìkẹjà tí mi ò ní tijú láti yà sí. Nígbà tí mo tiẹ̀ ń bẹ̀rù jù, mi ò gbà pé mo jẹ̀bi. Kí ló wá yí padà?

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí. "Mi ò ní sọ ọ́."

Bàbá ọmọ mi àti Ìyá Àdúrà ló wá gba béèlì mi. Bàbá ọmọ mi, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí; ó fi aṣọ iṣẹ́ wá pẹ̀lú ọ̀dà mọ́tò lápá. Ìyá Àdúrà ló fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí oníduúró mi. Àmọ́ kò lè wojú mi. A jáde sójú títì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ló sun ún."

"Ìyá Àdúrà, ọwọ́ mi ló gbé e lé yín lọ́wọ́."

Bàbá ọmọ mi bojú wẹ̀yìn wo géètì tésàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbí pín ẹ̀bi láàárín ara yín. Wọ́n á tún pè yín padà."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tá a délé, ojú tirẹ̀ náà yí padà. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mọ́mì, ṣe ohun tí ọlọ́pàá yẹn sọ. Ọmọ ò tíì pọ́dún. Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ gbé e lọ ni?"

"Ẹni tó bá jẹ̀bi ni wọ́n ń rán lọ sẹ́wọ̀n, Dádì."

"Ìwé tó sọ pé o ò jẹ̀bi ńkọ́?"

"Mo ń lọ wá a lọ́la."

Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa wá a lọ nígbà yẹn o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé àwọn lọ́yà ìjọba tí kì í gba owó wà ní Aláúsá. Mo pọn ọmọ, mo lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni wọ́n ní kí n rí, tí mo bá jù ú lọ kò ju ọdún méjì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Mádáàmù, ẹ jókòó, ẹ fún ọmọ lọ́yàn. Ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo gbà á lẹ́nu ẹ̀." Ara mi balẹ̀ sí i láti ibẹ̀.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Tí kọ́ọ̀tù tó láṣẹ bá ti gbọ́ ẹjọ́ èèyàn tán, yálà wọ́n dá a láre tàbí wọ́n dá a lẹ́bi, wọn ò gbọdọ̀ tún gbé e wá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn mọ́, àfi tí kọ́ọ̀tù tó ga jù ú lọ bá pàṣẹ ẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí."

"Orúkọ tí wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín, àbí? Ẹ̀wà náà ni wọ́n fi ń ṣe àkàrà. Ohun tí wọ́n lọ̀ ni òfin máa wò, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n pè é." Ó wá gbé ìka kan sókè. "Àmọ́ nǹkan kan wà. Tó bá jẹ́ pé àwọn olùpẹjọ́ ò yọjú ni kọ́ọ̀tù ṣe da ẹjọ́ nù, ìyẹn ò tíì parí, wọ́n lè gbé e padà wá. Ṣé wọ́n gbọ́ ẹlẹ́rìí nínú tiyín?"

"Wọ́n gbọ́ mẹ́ta."

"Májísíréètì ka ìdájọ́?"

"Ó kà á. Mò ń sunkún, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Mo tún ro ọ̀rọ̀ iná fún un, mo sì ń retí ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀dà lẹ sun, mádáàmù. Ìdájọ́ gan-an wà nínú fáìlì ní kọ́ọ̀tù. Ẹ lọ gba ẹ̀dà mìíràn tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká fojú kan májísíréètì. Tí mi ò bá rí ìwé yẹn, ẹnu lásán ni mo máa fi sọ̀rọ̀."

Mo wá mọ̀ pé gbogbo ara mi wà nínú ojú ewé mẹ́fà kan níbì kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá àgbà tó wà níbẹ̀ ní kí n pe nọ́ńbà ẹjọ́ mi. Mo pè é láìwo ibì kankan. Tí wọ́n bá ti fi nǹkan pè ẹ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn fún ọdún kan, o ò lè gbàgbé ẹ̀. Ó ní, "Wọn ò fún ẹ ní ẹ̀dà nígbà yẹn ni?"

"Wọ́n fún mi, bàbá. Ó jóná."

"Ha! Ilé jóná?"

"Rárá, sà. Ìwé yẹn nìkan ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n padà wá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kun yàrá náà lọ́dà, wọ́n ti kó gbogbo fáìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo lè rí i." Mo sọ ọmọ sílẹ̀, mo tẹ́ aṣọ fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á láti òkè wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ṣa ìdajì. Ó ní, "O ò lè ṣiṣẹ́ níbí ni?" Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yé pè mí lólè ná.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àdúrà ní òun máa bá mi lọ. Ó wọ sùtánà rẹ̀, láìwọ bàtà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìjọ wa, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò gbàdúrà sókè rárá. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, bàbá náà yọ fáìlì kan jáde nínú òkìtì, ó gbọn eruku rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà. Ó pe orúkọ mi. Ó ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ìyá Àdúrà na ọwọ́. "Jẹ́ n rí i, ọmọ mi."

Mo gbé e mọ́ àyà. "Ìyá Àdúrà, ẹ fi ojú nìkan wò ó."

"Ọmọ yìí burú!" Ó rẹ́rìn-ín dé ibi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, lọ́yà mi kọ́ mi ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó ní, "Wọ́n máa bi yín bóyá ẹ jẹ̀bi tàbí ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ má sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gbólóhùn tí mo kọ́ yín yìí ni kẹ́ ẹ sọ, òfin fàyè gbà á."

Mo wọ inú àpótí tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí. Bàbá ọmọ mi gbé ọmọ jókòó lẹ́yìn. Èdè òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà tó mi láti gbọ́ ọ. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ka ẹ̀sùn tán, ó ní, "Ṣé o jẹ̀bi tàbí o ò jẹ̀bi?"

Mo ní, "Sà, wọ́n ti dá ẹjọ́ yìí fún mi tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dá mi láre."

Ó gbójú sókè. "Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn. Jẹ̀bi, àbí o ò jẹ̀bi? Méjì ló wà."

"Mẹ́ta ni, sà. Ẹ̀kẹta ni mo sọ yẹn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Májísíréètì, obìnrin tó wọ gíláàsì kékeré, gbé orí kúrò nínú ìwé tó ń kọ, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lọ́yà mi dìde, ó gbé ojú ewé mẹ́fà náà kalẹ̀.

Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba ní ẹ̀sùn méjèèjì ò jọra, pé olè jíjà ni ti àkọ́kọ́, àti pé ohun yòówù kó jẹ́, olùjẹ́jọ́ kàn ń wá ọ̀nà àbáyọ ni. Májísíréètì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá bi í pé, "Ṣé ọṣẹ mìíràn ni?"

"Rárá, olúwa mi."

"Ọjọ́ mìíràn?"

"Rárá, olúwa mi."

"Ṣé géètì mìíràn ni?"

"Géètì kan náà ni, olúwa mi."

"Tí mo bá fẹ́ dá a lẹ́bi lónìí, ṣé kì í ṣe ọṣẹ tí kọ́ọ̀tù ti sọ pé wọ́n fún un ni mo máa ní ó jí?"

Ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Májísíréètì dìde lọ sínú yàrá rẹ̀ láti ka ìwé náà. Mo dúró síbi tí mo wà. Wọ́n ní kí n jókòó, mo ní mo fẹ́ dúró. Ọmọ mi rí mi láti ẹ̀yìn, ó ń pa àtẹ́wọ́ sí mi, ohun tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tó padà, kò pẹ́ rárá. Ó ní wọ́n ti dá ẹjọ́ yìí tán kó tó dé iwájú òun. Ó fagi lé e. Ó ní kí ọlọ́pàá náà lọ sọ fún àwọn tó rán an wá pé tí ìdájọ́ àkọ́kọ́ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kọ́ọ̀tù gíga ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe kí wọ́n tún lọ mú obìnrin yìí nínú ilé rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Mádáàmù, ẹ máa lọ sílé."

A gba Abúlé Ẹ̀gbá lọ láti kí ìyá bàbá ọmọ mi. Lójú ọ̀nà, bàbá ọmọ mi ní, "'Ẹ̀kẹta ni mo sọ yẹn.' Ìwọ obìnrin yìí." Ó mi orí, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ń gba èèyàn. Bàbá ọmọ mi ní tí wọ́n bá bi mí bóyá wọ́n ti gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù rí, kí n ní rárá, torí ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní mo gbọ́. Mo wọ súwẹ́ẹ̀tì mi aláwọ̀ búlúù, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà, mo lọ.

Obìnrin tó jókòó níwájú mi bi mí lóòótọ́. Ìbéèrè kẹrin ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní mo jí ọṣẹ. Mi ò jí i, kọ́ọ̀tù sì sọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tún gbé mi padà lọ, kọ́ọ̀tù ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀ tí mi ò lè rí. Ó wá ní, "O lọ́mọ ọwọ́. Ṣé o lè wá síbí ní aago méje àárọ̀?"

Mo ní mo lè dé ṣáájú aago méje.